Wọ́n Bí I Láìní Apá àti Ẹsẹ̀, Ó sì Di Aṣòfin

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1831, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Borris House, ní àgbègbè Carlow, lórílẹ̀-èdè Ireland. Orí ọmọ náà pé, àyà rẹ̀ sì le. Àmọ́ kò ní ọwọ́, kò sì ní ẹsẹ̀. Ibi tó yẹ kí apá àti itan ti gùn jáde, kùkùté kéékèèké ló wà níbẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí àga arọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́, kò sì sí òfin kankan tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn òbí rẹ̀ fi í pa mọ́ sí yàrá ẹ̀yìn ni, kí àlejò má bàa rí i, bóyá la fi máa rí ẹni tó máa bá wọn wí.

Síbẹ̀, ọmọ yìí gun ẹṣin, ó yìnbọn, ó pẹja, ó rìnrìn àjò láti Rọ́ṣíà dé Íńdíà, ó gbéyàwó, ó bímọ méje, ó sì lo ọdún mẹ́rìnlá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Arthur MacMurrough Kavanagh ni orúkọ rẹ̀. Báwo ló ṣe ṣe é? Kí ló sì fà á tó fi jẹ́ pé àwọn tó gbà pé òun ti ṣe lóore ló dìbò lòdì sí i níkẹyìn? Òbí lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìtàn yìí, ẹni tó sì jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn ẹlòmíì náà lè rí tiẹ̀ kọ́.

Ọmọ ọba ni

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn baba ńlá Arthur ló ń jọba ní Leinster, ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ ọba ńláńlá tó wà ní Ireland láyé àtijọ́. Ọ̀kan lára àwọn ọba náà ni Diarmait Mac Murchada. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò lórí ìtẹ́, òkè òkun ló lọ wá àwọn jagunjagun tó máa bá a gba adé rẹ̀ padà. Ọdún 1169 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọn ò sì padà sílé mọ́. Torí náà, ọ̀pọ̀ ará Ireland kò tíì gbàgbé orúkọ ọba yẹn, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ fún rere. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Domhnall Caomhánach ni orúkọ Kavanagh ti wá. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà kí ọba mìíràn látinú ìdílé yẹn kan náà, Art Kavanagh, tó kojú àwọn ọmọ ogun Richard Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé inú ilé kan náà ni ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àjèjì àti ẹni tó bá àjèjì jà ti jáde.

Nígbà tí wọ́n fi máa bí Arthur, adé ti lọ, àmọ́ ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé náà ní Carlow, Wexford àti Kilkenny ju 25,000 éékà lọ. Àwọn àgbẹ̀ ló ń dáko níbẹ̀, tí wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Àwọn Kavanagh ní tiwọn ti kúrò nínú ẹ̀sìn Kátólíìkì, wọ́n ti di Pùròtẹ́sítáǹtì.

Ireland fúnra rẹ̀ kò sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1801 ni wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ Britain, London ni wọ́n sì ti ń ṣòfin fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òfin yìí sọ́kàn, torí àwọn ló máa bí wàhálà tó kù nínú ìtàn yìí.

Ohun tí ìyá rẹ̀ pinnu

Arthur kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí bàbá rẹ̀, Thomas Kavanagh, kú lọ́dún 1837. Ìyá rẹ̀, Lady Harriet, tó jẹ́ ọmọ Earl ti Clancarty, ló wá ń dá tọ́ àwọn ọmọ. Arthur ni ọmọkùnrin kẹta tó bí. Charles àti Thomas ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Harriet sì ni arábìnrin wọn.

Obìnrin yìí kò gbà kí wọ́n fi ọmọ òun pa mọ́, kò sì gbà kí wọ́n kẹ́ ẹ ní àkẹ́bàjẹ́. Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń ṣe, kí òun náà gbìyànjú rẹ̀. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Francis Boxwell wà lẹ́yìn ìyá yìí gbágbáágbá, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti tọ́ ọmọ náà.

Wọ́n ṣe gàárì kan tó rí bí àga fún un. Wọ́n á gbé e sórí ẹṣin, wọ́n á fi awọ dè é mọ́ gàárì náà, òun náà á sì fi kùkùté apá rẹ̀ darí ìjánu. Ẹ rò ó wò. Bí ẹṣin bá ṣubú, ẹni tó ní ẹsẹ̀ lè fò sílẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n so mọ́ gàárì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ló dúró, tó ń wò ó bó ṣe ń sáré lọ lórí ẹṣin bẹ́ẹ̀, kò sì pè é padà. Nígbà tó yá, ó ń fi ẹṣin fo ọgbà àti kòtò pẹ̀lú àwọn tó ń dẹ ìgbẹ́.

Ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé àti bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Ìyá rẹ̀ tó mọ àwòrán yà dáadáa ló kọ́ ọ. Tó bá fẹ́ yìnbọn, á gbé ìbọn náà lé kùkùté apá òsì, á sì fi ti ọ̀tún fa ohun tí wọ́n fi ń yin ín. Wọ́n yọ irin tó máa ń yí ibẹ̀ ká kúrò, kí ó bàa lè ráyè fà á. Nígbà míì ó máa ń jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tàbí sórí ẹṣin, á sì máa pẹja.

Ẹ ò ní ṣàì rí i pé ìyá yìí kò fi ọ̀rọ̀ ìṣírí nìkan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó wá ohun èlò tó bá ara ọmọ náà mu, ó sì wá àwọn tó ní sùúrù láti kọ́ ọ. Òótọ́ ni pé owó wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ kan lábúlé Borris, ta ni ì bá ṣe gàárì fún un? Ta ni ì bá máa gbé e kiri? Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá owó. Olówó tó bá ń tijú ọmọ rẹ̀ lè fi owó náà kọ́ yàrá tó máa tì í mọ́.

Ìyàn mú nílé, wọ́n ń rìn kiri lókèèrè

Lọ́dún 1845, àrùn kan kọ lu ọ̀dùnkún jákèjádò Ireland. Irú ọ̀dùnkún tí àwa náà ń pè ní "Irish" lọ́jà yìí ni, òun sì ni oúnjẹ àwọn tálákà ibẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ìyàn tó tẹ̀ lé e pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn láàárín ọdún mélòó kan. Àwọn míì tó ju mílíọ̀nù kan lọ kó ẹrù wọn, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ibòmíì.

Inú àkókò yẹn ni Lady Harriet kó àwọn ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Láti ọdún 1846 sí 1848, wọ́n lọ sí Íjíbítì, wọ́n wọkọ̀ lórí odò Náílì, wọ́n sì dé Jerúsálẹ́mù. Obìnrin náà kó àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ Íjíbítì jọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì wá wà níkàáwọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ireland lẹ́yìn náà. Ohun mìíràn tún wà tó rí nínú àwọn ìrìn àjò rẹ̀. Ní erékùṣù Corfu, ó rí irú léèsì kan tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe. Ó mú àpẹẹrẹ rẹ̀ wálé, ó kọ́ àwọn obìnrin Borris bí wọ́n ṣe máa ṣe é, ó sì bá wọn wá àwọn tó máa rà á. Àwọn tó fẹ́ràn léèsì ṣì mọ Borris Lace títí dòní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́rẹ́ àti òwú ni àwọn obìnrin abúlé yẹn fi ń rówó sápò.

Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́dún 1848, àwọn kan ní Ireland dìde ogun sí ìjọba, torí wọ́n fẹ́ kí orílẹ̀-èdè wọn máa ṣàkóso ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ìjọba ni Arthur, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wà. Ó máa ń gun ẹṣin lóru lọ wo ibi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà wà, á sì wá ròyìn. Látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun wà, kò sì yẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ títí tó fi kú.

Lọ́dún 1849, ó tún di èrò ọ̀nà. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ó ń bá àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí ilẹ̀ wọn yan ọ̀rẹ́ ní kọ̀rọ̀. Obìnrin tó ti sọ pé ọmọ òun ò yàtọ̀ sáwọn ọmọ yòókù wá rí i pé lóòótọ́ ni kò yàtọ̀! Ó bá ní kí òun, Thomas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti olùkọ́ wọn máa lọ sókè òkun. Wọ́n gba Sweden kọjá sí Rọ́ṣíà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkun Caspian, wọ́n gba Páṣíà àti ilẹ̀ àwọn Kurd, wọ́n sì dé Íńdíà. Kò sí ọkọ̀ ojú irin ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n gbà. Orí ẹṣin ni Arthur wà nínú òtútù, lórí òkè àti ní aṣálẹ̀, pẹ̀lú gàárì rẹ̀ yẹn.

Íńdíà ni nǹkan ti yí padà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe Thomas, wọ́n sì ní kó lọ sí Ọsirélíà bóyá ara rẹ̀ á yá. Ojú ọ̀nà ló kú sí lọ́dún 1851. Arthur wá ku òun nìkan ní ilẹ̀ àjèjì, owó ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ ogún ọdún ni. Kò jókòó kó máa retí pé kí wọ́n wá gbé òun relé. Ó wáṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ East India Company, wọ́n sì fi í ṣe ẹni tó ń gun ẹṣin fi ìwé ìjọba ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíì ní àgbègbè Aurangabad. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń wọn ilẹ̀ ní Poona. Ẹni tí kò ní apá, tí kò ní ẹsẹ̀, ló ń fi iṣẹ́ òjíṣẹ́ bọ́ ara rẹ̀.

Onílẹ̀ Borris

Lọ́dún 1853, Charles tó jẹ́ àgbà náà kú. Ẹni tí wọ́n rò pé ó lè máà yè dàgbà ló wá ku òun nìkan nínú àwọn ọmọkùnrin tí Lady Harriet bí. Òun ló jogún ilé, ilẹ̀ àti àwọn gbèsè tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1855, ó fẹ́ ìbátan rẹ̀ kan, Mary Frances Forde-Leathley, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́rin àti ọmọbìnrin mẹ́ta.

Arthur kò dà bí àwọn onílẹ̀ tó ń gbé ní London, tó jẹ́ pé aṣojú wọn ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Àárín àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń gbé. Ó tún àwọn ilé tó ti ń wó lulẹ̀ ní Borris àti Ballyragget kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán àwọn ilé náà, ẹgbẹ́ Royal Dublin Society sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ẹ̀. Ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ọkọ̀ ojú irin lè máa ti Bagenalstown dé Borris. Ní New Ross, ó wà lára ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé tí wọ́n ń kó àwọn òtòṣì sí.

Igi óákù àtijọ́ kan wà ní àgbàlá Borris House. Abẹ́ igi yẹn ló máa ń jókòó sí, tí àwọn àgbẹ̀ á wá máa ro ẹjọ́ wọn fún un: ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà nítorí ààlà, ẹni tí kò rí ìṣákọ́lẹ̀ san, ẹni tó ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀. Á gbọ́ tẹnu wọn, á sì parí ẹ̀. Ó jọ bí àwọn ọba tó wà nínú ìdílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Bó bá sì fẹ́ sinmi, orí omi ló máa ń lọ. Ó ní ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ *Eva*, ó wà á dé Corfu àti etíkun Albania, ó sì tẹ ìwé jáde nípa ìrìn àjò náà lọ́dún 1865. Ó tún fẹ́ràn láti máa ya fọ́tò.

Wọ́n gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀

Lọ́dún 1866, àwọn ará àgbègbè Wexford dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Lọ́dún 1868, ó di aṣojú Carlow níbi tí wọ́n bí i sí. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ló máa ń wà láti Ireland dé orí odò Thames, á sì so ó mọ́lẹ̀ nítòsí ilé ìgbìmọ̀ náà. Ìránṣẹ́ rẹ̀ á wá gbé e wọlé, á sì gbé e sórí ìjókòó.

Kì í sábà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọdún 1869 ló tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àwọn òtòṣì Ireland ló sì sọ, ìyẹn ohun tó mọ̀ dunjú nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe ní New Ross. Ẹgbẹ́ Conservative ló wà. Ó ta ko òfin tó ní kí ìjọba jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì ti Ireland. Àmọ́ nígbà tí Gladstone tó jẹ́ olórí ìjọba mú òfin ilẹ̀ wá lọ́dún 1870, kí wọ́n bàa lè san owó gbà-máà-bínú fún àgbẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀, Arthur fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílẹ̀ lòun náà.

Ohun kan ṣoṣo wà tí kò lè gbà láé: kí Ireland ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiẹ̀. Home Rule ni wọ́n ń pè é. Lójú tiẹ̀, tí Ireland bá kúrò lábẹ́ London, gbogbo nǹkan máa dàrú nìyẹn.

Àpótí tí onílẹ̀ kò lè wo inú rẹ̀

Tẹ́lẹ̀, gbangba ni wọ́n ti ń dìbò. Àgbẹ̀ á lọ síwájú òṣìṣẹ́ ìbò, á sì dárúkọ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Onílẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Àgbẹ̀ tó bá ta kò ó mọ̀ pé òun lè pàdánù oko òun. Torí náà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló mú káwọn èèyàn dìbò fún onílẹ̀ wọn ni o, tàbí ìbẹ̀rù.

Lọ́dún 1872, wọ́n ṣòfin pé ìkọ̀kọ̀ ni kí wọ́n ti máa dìbò. Nígbà tó di ọdún 1879, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún gbóná. Òjò bá irè oko jẹ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò rí ìṣákọ́lẹ̀ san, ẹ̀rù ìyàn sì tún ń bà wọ́n. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Land League sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ni Charles Stewart Parnell, òun náà jẹ́ onílẹ̀ àti Pùròtẹ́sítáǹtì, àgbègbè Wicklow tó bá Carlow pààlà ló sì ti wá. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń sọ yé gbogbo èèyàn: kí ìṣákọ́lẹ̀ tó wọ́n lọ sílẹ̀, kí wọ́n yéé lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, kí ẹni tó ń ro ilẹ̀ sì di ẹni tó ni ín.

Ọdún 1880 ni wọ́n dìbò. Arthur kò fòyà. Àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ti ṣèlérí fún un pé òun ni àwọn máa dìbò fún. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ìbò náà, ó ti fìdí rẹmi. Àwọn méjì tó fara mọ́ Home Rule ni Carlow rán lọ sí London. Èyí tó dùn ún jù ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn tó kọ́lé fún, àwọn tó parí ìjà fún lábẹ́ igi óákù, ló dìbò lòdì sí i.

Ta ló ṣẹ ẹnì kejì?

Ó rọrùn láti sọ pé abaraámóorejẹ ni wọ́n. Bó ṣe rí lára Arthur nìyẹn, ó sì dùn ún wọnú eegun. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àgbẹ̀ náà. Ilé tí Arthur kọ́ dára lóòótọ́, àmọ́ ta ló nilé? Ẹjọ́ tó dá lábẹ́ igi tọ́, àmọ́ bí kò bá tọ́ ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ? Onílẹ̀ rere lónìí lè kú lọ́la, kí ọmọ rẹ̀ tó burú gorí àléfà. Àgbẹ̀ náà ò sọ pé Arthur kì í ṣèèyàn rere. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò fẹ́ kó jẹ́ pé inú rere ẹlòmíì nìkan lòun á máa fi sùn, tí òun á sì fi máa jí.

Ìlérí tí wọ́n ṣe fún un ńkọ́? Ẹni tí oko rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó lè sọ fún ẹ lójú pé òun ò ní dìbò fún ẹ? Inú àpótí yẹn nìkan ni ẹnu rẹ̀ ti gbà á.

A máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ló rí láàárín wọn. Gbogbo ọjọ́ ayé Arthur ni àwọn èèyàn fi ń gbé e: wọ́n ń gbé e sórí ẹṣin, wọ́n ń gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀. Kò tijú èyí rí, kò sì yẹ kó tijú. Àmọ́ ìṣákọ́lẹ̀ àwọn àgbẹ̀ náà ló gbé Borris House ró, tó sì gbé ọkọ̀ *Eva* lọ sórí òkun. Ìyẹn gan-an ni kò jọ pé ó rí dáadáa.

Ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀

Lọ́dún kan náà tí wọ́n lé e kúrò nípò, ìjọba fi í sínú ìgbìmọ̀ kan tí Earl ti Bessborough darí, kí wọ́n lè wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i pé kí ìṣákọ́lẹ̀ tọ́, kí àgbẹ̀ tó ń san án má ṣe kúrò lórí ilẹ̀, kó sì lè ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Arthur kò bá wọn fọwọ́ sí i. Ó kọ ìròyìn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Síbẹ̀, ohun tí àwọn yòókù sọ ló wọ inú òfin lọ́dún 1881.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó dá iléeṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Land Corporation sílẹ̀ láti máa bá àwọn onílẹ̀ dáko lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti lé àgbẹ̀ kúrò, èyí tí Land League ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà. Kò sí bí a ṣe lè sọ pé ó gbèjà àwọn tálákà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ní inú rere ni, àmọ́ nígbà tí ìjà dé, àwọn onílẹ̀ bíi tiẹ̀ ló dúró tì. Lọ́dún 1886, wọ́n fi í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ Privy Council ti Ireland.

Àìsàn òtútù àyà ló pa á ní London, lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1889. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Borris, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀ o. Lọ́dún 1903, ìjọba ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Ireland lè yáwó ra ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Lọ́dún 1908, Carlow tún rán Kavanagh kan lọ sílé ìgbìmọ̀ ní London. Walter, ọmọ Arthur fúnra rẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ wo ló wà? Ẹgbẹ́ tó ń jà fún Home Rule. Àwọn tó lé bàbá kúrò yan ọmọ, torí pé ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Fún àwa òbí

Bí ọmọ tó ní ìpèníjà ara bá wà nínú ilé yín, ẹ ti mọ ìbéèrè tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn: báwo ni ayé ṣe máa rí fún un nígbà tí mi ò bá sí mọ́? Lady Harriet náà kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ohun tó wà lágbára rẹ̀ ló ṣe. Ó mú ọmọ náà jáde kí ayé rí i. Kò béèrè ohun tí ọmọ náà kò lè ṣe, ohun tó béèrè ni irinṣẹ́ tó máa jẹ́ kó lè ṣe é. Ó sì gbà kí ọmọ náà kojú ewu tí àwọn ọmọ yòókù ń kojú, títí kan ewu ṣíṣubú àti ewu àṣìṣe.

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ bẹ́ẹ̀ máa di èèyàn pípé. Èèyàn pípé sì lè jẹ́ onínúure, ó lè jẹ́ olórí kunkun, ó lè ṣàṣeyọrí, ó sì lè ṣìnà. Arthur Kavanagh ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Carlow dìbò lòdì sí i lọ́dún 1880, ohun tó rò nípa ilẹ̀ àti nípa ìjọba ni wọ́n torí ẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lé e torí pé kò lápá, kò lẹ́sẹ̀.

Borris House ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló sì ń gbé inú rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ oko tó yí i ká, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di ti àwọn tó ń ro ó.